Ẹ̀dà D&D wo ni kí àwa mẹ́fà fi bẹ̀rẹ̀ ní Súrùlérè?

Ọmọ_Òjúẹlẹ́gba

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n gbé e wá síbí kó tó di ìjà láàárín wa.

Àwa mẹ́fà la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ D&D (Dungeons & Dragons), eré orí tábìlì tí oníkálukú ti ń ṣe ẹ̀dá ìtàn kan, tí dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tó fẹ́ ṣe yóò ṣeé ṣe. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, àbúrò mi obìnrin tó wà ní UNILAG, bọ̀bọ́ kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, àti tọkọtaya kan tó ń ti Ajah wá. Èmi ni màá ṣe DM, ẹni tó ń darí eré, torí èmi nìkan ni mo ti ka òfin eré náà rí. Sọ́ńdè la fi sí, aago mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹ mọ Èkó: aago mẹ́ta lè di mẹ́rin kí àwọn ará Ajah tó sọ̀ kalẹ̀ lórí Third Mainland, ẹni tó sì wá lọ́sẹ̀ yìí lè má rí àyè wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Bọ̀dá mi kan ní Kánádà fi ìwé mẹ́ta ẹ̀dà 3.5 ránṣẹ́ sí mi, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní ẹ̀dà karùn-ún ti 2014 ni òun ń wò lórí YouTube, òun ò kọ́ òmíràn. Ọkọ nínú tọkọtaya yẹn ní kí la fẹ́ fi ti àtijọ́ ṣe nígbà tí ti 2024 ti jáde. Àbúrò mi ní èyí tó bá ti yá jù ni ká mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú. Ohun tó wù wá ò dọ́gba, ìdí nìyẹn tí mo fi wá.

Baba_Dáìsì (Yábàá)

O káre, àbúrò. Wo ohun tí o kọ fúnra rẹ ná. O ní ìwọ nìkan lo ti ka òfin. O ní wákàtí mẹ́ta lẹ ní, ọ̀kan sì lè sọnù sórí afárá nínú rẹ̀. O ní èèyàn lè máà wá. Nǹkan mẹ́ta yìí ni kí o fi yan ẹ̀dà. Fi ọdún tí wọ́n tẹ ìwé sílẹ̀ ná.

Mo ti ń darí eré yìí láti 2009, ẹ̀dà mẹ́rin ni mo sì ti fi ṣe é. Jẹ́ kí n to ìdílé wọn fún ẹ kí orúkọ má baà dà pọ̀ mọ́ ẹ lójú. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé ti àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Nígbà tó yá, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan ni Basic, tí Tom Moldvay tún kọ ní 1981, ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 64. Èkejì ni Advanced, tí ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde ní 1989. Ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast ra ilé iṣẹ́ tó ni eré náà ní 1997, wọ́n gbé ẹ̀dà kẹta jáde ní 2000, wọ́n tún un ṣe ní 2003. Àtúnṣe yẹn ni 3.5 tí bọ̀dá rẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà kẹrin, 2008. Ẹ̀dà karùn-ún, 2014. Ti 2024 tí ọ̀rẹ́ yín ń pariwo, àtúnṣe ẹ̀dà karùn-ún náà ni. Nítorí náà òun àti ọ̀rẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ ò jìnnà síra tó bí wọ́n ṣe rò.

Tèmi ni pé kí ẹ fi 2014 bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹni tuntun ní láti mọ̀ níbẹ̀ ò pọ̀: ju dáìsì olójú ogún, fi àfikún rẹ kún un, bí ó bá tó iye tí DM ń retí, o ti ṣe é. Bí ipò bá gbè ẹ́, o ju méjì, o mú èyí tó pọ̀. Bí ipò bá takò ẹ́, o mú èyí tó kéré. Ó parí. Ní 3.5, o dúró sórí òkè, +1. Ẹgbẹ́ rẹ wà lẹ́yìn ọ̀tá, +2. Àlùfáà ti súre fún yín, +1. Akọrin ń kọrin, +1, àmọ́ ti akọrin àti ti àlùfáà ò gbọdọ̀ pọ̀ torí irú kan náà ni wọ́n, ọ̀kan ni wàá mú. Ta ni yóò máa rántí gbogbo ìyẹn fún ẹni márùn-ún? Ìwọ ni.

Ti owó ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2023 ni àwọn tó ni eré náà gbé òfin ìpìlẹ̀ ẹ̀dà karùn-ún, tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1, sábẹ́ àṣẹ Creative Commons. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì lè gbà á padà mọ́. O lè tẹ̀ ẹ́, o lè tú u sí Yorùbá, o lè tà á pàápàá, bí o bá ṣáà ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn lo ti mú un. Ṣùgbọ́n kí o mọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀: iṣẹ́ 12 ló wà níbẹ̀, fighter (jagunjagun), cleric (àlùfáà), wizard (oṣó) àti àwọn yòókù, àmọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Feat (ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀) kan ṣoṣo, background (ìtàn àtẹ̀yìnwá ẹ̀dá ìtàn) kan ṣoṣo. Fún ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ọ̀fẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Basic Rules ti 2014 ló yá jù: iṣẹ́ mẹ́rin, ẹ̀yà mẹ́rin. Ẹni tí yíyàn kò bá pọ̀ níwájú rẹ̀ kì í pẹ́ yàn.

Ajagun_Múṣin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn 3.5 díẹ̀ torí mo rí i pé kò lẹ́nìkan níbí.

Ìwé mẹ́ta ẹlẹ́yìn líle tó ti délé kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ, tí fóònù gbogbo yín sì wà ní 9%, ìwé yẹn ò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́. Yàtọ̀ síyẹn, gbogbo nǹkan ló ní ìdáhùn níbẹ̀. O fẹ́ já idà gbà lọ́wọ́ ọ̀tá? O fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá a lulẹ̀? Ojú ewé rẹ̀ wà. Bí o bá gorí ipele tuntun, ìwọ lo máa pín ìmọ̀ ẹ̀dá ìtàn rẹ bó ṣe wù ẹ́, díẹ̀ sí gígun ẹṣin, díẹ̀ sí èdè, díẹ̀ sí ká rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ ẹ̀dá ìtàn kan ṣoṣo, ó sì sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ yẹn dùn mọ́ òun ju ọjọ́ eré gan-an lọ.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó. Tí ó bá tó ẹni mẹ́ta nínú yín tó fẹ́ràn kí wọ́n máa ka òfin lálẹ́, 3.5 á dùn mọ́ yín. Tí ó bá jẹ́ DM nìkan ló ń kàwé, òun nìkan ni yóò máa ru ẹrù ẹni mẹ́fà.

Baba_Dáìsì (Yábàá)

@Ajagun_Múṣin, gbólóhùn tí o fi parí yẹn ni mo fẹ́ kó kà dáadáa. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé. 2011, yàrá kan ní Yábàá, 3.5 là ń ṣe, èmi ni DM. Jagunjagun kan ní òun fẹ́ gbá ògre, òmìrán burúkú kan, mọ́ra kí àwọn tó kù ráyè sá. Ohun tó dára ni, mo fẹ́ kó ṣeé ṣe. Mo ṣí ìwé. Ó ní kí ògre kọ́kọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan ná. Tí èyí bá bà á, ìgbámọ́ra náà ti bàjẹ́. Tí kò bá bà á, kí ó ju dáìsì láti fọwọ́ kan ògre. Tó bá kàn án, kí àwọn méjèèjì ju dáìsì fi gbá ara wọn, ògre á sì gba +4 torí ó tóbi. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ewé mìíràn fún ohun tí ẹni tí wọ́n gbá mú lè ṣe.

Àwọn yòókù ń wò wá. Ẹnìkan jáde lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn, ó jẹ ẹ́ tán, ó padà dé, a ṣì wà lórí ògre yẹn. Epo jẹnẹrétọ̀ tán kí a tó parí. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wá. Láti bí wákàtí kan àbọ̀, kò tíì kàn án. Kò padà wá mọ́. Eré yẹn ì bá dùn mọ́ ọn, ó dá mi lójú, bí mo bá ti fún un láyè láti sọ̀rọ̀.

Àbúrò, ẹni márùn-ún tuntun lo fẹ́ kó jọ. Rò ó dáadáa.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Obìnrin ni mí, nítòsí Ìta Fájì la ti ń ṣe tiwa. Kò sẹ́ni tó tíì bi í léèrè: ṣé ẹ ti ní dáìsì?

Dáìsì lúdò pọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Olójú mẹ́rin, olójú mẹ́jọ, olójú méjìlá, olójú ogún, mi ò rí i níbẹ̀ rí, mo sì wá a dáadáa. Fóònù lè bá yín jù ú, àmọ́ ojú gbogbo yín á wà nínú fóònù. Àwa kọ 1 dé 20 sórí páálí, a gé e wẹ́wẹ́ kó dọ́gba, a dà á sínú agolo mílíìkì. Ẹni tó kàn á mì ín, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á fà á yọ. Ariwo tó máa ń sọ tí ọwọ́ bá ń bọ̀ jáde, kò sí fóònù tó lè ṣe é. Ohun kan péré: ẹ dá páálí padà kí ẹlòmíràn tó mú. Lọ́sẹ̀ kejì wa, 20 wà lápò ẹnìkan láti aago mẹ́rin, ilẹ̀ ṣú, kò sẹ́ni tó rí i mú, a rò pé orí wa ni kò dáa.

Ọ̀rọ̀ dáìsì yìí ló gbé wa lọ sọ́dọ̀ àgbà, ti Moldvay 1981. Ohun ìjà gbogbo níbẹ̀, olójú mẹ́fà ni ìpalára rẹ̀, àfi tí ẹ bá mú òfin àṣàyàn. Ta ni yóò kọ́kọ́ lù? Olójú mẹ́fà. Ṣé wọ́n bá wa lójijì ni? Olójú mẹ́fà. Dáìsì lúdò ti gba ìdajì eré ṣe, agolo mílíìkì gba ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó wá Basic Fantasy tí Chris Gonnerman gbé jáde ní 2007. Ọ̀nà àtijọ́ ló tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ààbò rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ṣòro tó láti lu ẹ̀dá kan, ń gòkè bí ti òde òní. Èyí ṣe pàtàkì o. Nínú ti 1989, ààbò tó kéré ló dára jù, nọ́ńbà kan sì wà tí wọ́n ń pè ní THAC0. Bí THAC0 rẹ bá jẹ́ 20, tí ààbò ọ̀tá jẹ́ 5, wàá yọ 5 kúrò nínú 20, dáìsì rẹ ní láti mú 15 ó kéré tán. Kò le, ṣùgbọ́n ìyọkúrò ni lójoojúmọ́, àwọn tuntun á sì máa bi ẹ́.

Kí n má tan yín, ikú pọ̀ nínú ti àtijọ́. Dáìsì olójú mẹ́rin ni wọ́n fi ń wá ẹ̀mí olè ní ipele kìíní. Àbúrò mi ju 2. Ó ṣí àpótí kan, abẹ́rẹ́ olóró gún un, ó fa páálí láti mọ̀ bóyá yóò yè, kò yè. A ò tíì ṣeré tó ìṣẹ́jú 20. Ó ti ya bàtà olè náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, bàtà kékeré olókùn, ó sì ń fi àtàǹpàkò pa á, kò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ká pa dà sẹ́yìn. Òun ló ní rárá, ó fa bébà mìíràn, èyí tó kọ lọ́jọ́ yẹn ṣì wà láàyè títí dòní, kì í sì í fọwọ́ kan àpótí mọ́ láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá tì í. Ní 2014, kò rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ̀mí rẹ bá di òdo, wàá ju dáìsì nígbà tó bá ti kàn ẹ́, àṣeyọrí mẹ́ta o yè, ìjákulẹ̀ mẹ́ta o kú, ẹgbẹ́ rẹ sì lè sáré wá gbà ẹ́. Ẹ bi ara yín léèrè èwo lẹ lè gbà.

Ní ti àwọn tí kì í wá, ẹ̀dà kankan ò wo ìyẹn sàn. Ohun tí a ṣe ni pé gbogbo Sọ́ńdè ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú, ó sì ń parí nínú ìlú. A kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa nínú ihò àpáta. Ẹni tó bá wá ló lọ sóko ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tí kò wá ń ṣòwò nílé.

Tíṣà_Ìkẹjà

Gbogbo èèyàn ti fo ẹ̀dà kẹrin. Mo fẹ́ràn rẹ̀, màá sọ díẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni tó ń jókòó ti ọpọ́n ayò, tó ń ro ohun tí ẹnì kejì yóò ṣe, ẹ̀dà yẹn ni tiyín. Orí bébà tí wọ́n fà ní igun mẹ́rin wẹ́wẹ́ ni gbogbo ìjà ti ń wáyé, oníkálukú sì mọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó ń dáàbò bo ẹgbẹ́, ẹni tó ń lù kíkankíkan, ẹni tó ń darí, ẹni tó ń dí ọ̀nà. Àwọn agbára kan wà tí o lè lò nígbàkígbà, àwọn kan lẹ́ẹ̀kan níjà, àwọn kan lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ọmọ ayò ni ọ̀tá wa, ìdérí ìgò mínírà ni àwa. Ṣùgbọ́n ìjà kan lè gba wákàtí kan, òfin rẹ̀ kò sì sí lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti 3.5 àti ẹ̀dà karùn-ún. Pẹ̀lú wákàtí méjì tó ṣeé ṣe kó kù fún yín, mi ò ní sọ pé kí ẹ mú un.

Akọrin_Ògbà

Kí n bá ẹni tó ń pè fún 2024 sọ̀rọ̀, torí a ti yí padà sí i, ó sì dára. Ìwé rẹ̀ rọrùn láti kà ju ti 2014 lọ. Jagunjagun ti rí nǹkan ṣe: ohun ìjà kọ̀ọ̀kan ní àrà tirẹ̀. Ọ̀kan á gbé ọ̀tá ṣubú, ọ̀kan á tì í sẹ́yìn, ọ̀kan á jẹ́ kí ìlù rẹ tó tẹ̀ lé e túbọ̀ bà.

Àmọ́, Ọmọ_Òjúẹlẹ́gba, ìwọ lo máa jókòó sí àyè DM. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan mú ohun ìjà tó ń gbéni ṣubú. Gbogbo ìgbà tó bá ti bà á, kí ọ̀tá ju dáìsì bóyá yóò dúró. Gbogbo ìgbà o. Ẹni tó ti mọṣẹ́ á ṣe é wéré, ẹni tó ń kọ́ ọ á máa sẹ́yìn.

Ohun tó fẹ́ bà wá jẹ́ gan-an ni àdàlù. Ẹni méjì ń lo 2014, ẹni mẹ́ta 2024, a ní kò sí wàhálà torí ìdílé kan náà ni. Àlùfáà méjì ló wà nínú ẹgbẹ́. Àwọn méjèèjì lo ọfọ̀ ìwòsàn Cure Wounds lórí ẹnìkan náà, ipele kan náà. Ti 2014 wo ọgbẹ́ pẹ̀lú dáìsì olójú mẹ́jọ kan, ti 2024 pẹ̀lú méjì. Ẹni tó mú ìwé àtijọ́ wá wò mí bí ẹni tí wọ́n fi ẹja rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó jàre. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ jọ mú un ni. SRD ti 2024 náà wà lábẹ́ Creative Commons láti oṣù kẹrin 2025, 5.2 ni wọ́n pè é, nítorí náà owó kọ́ ló ń dí i lọ́wọ́.

Ọmọ_Òjúẹlẹ́gba

Ẹ ṣeun púpọ̀. Nǹkan mìíràn tún ti yọjú. Mo ń ṣàlàyé fún bọ̀bọ́ ìsàlẹ̀ lórí fóònù pé ó lè jẹ́ oṣó, màmá mi ń kọjá lọ. Wọ́n dúró. Wọ́n ní irú ẹgbẹ́ wo ni èmi àti àbúrò mi fẹ́ wọ̀ ní ọjọ́ Olúwa. Ilé wọn la fẹ́ ti ṣe é, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún wọn.

Màmá_ÈbútéMẹ́ta

Ọmọ mi, mo ti dàgbà, àwọn ọmọ mi ló mú mi wá síbí. Màmá rẹ kò ṣe àìdáa. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, láàárín ọdún 1980 sí 1989, ọ̀pọ̀ òbí àti ìjọ ló pariwo lé eré yìí lórí, débi pé ẹ̀dà kejì tó jáde ní 1989 yọ orúkọ "demon" àti "devil" kúrò, wọ́n fún àwọn ẹ̀dá yẹn lórúkọ mìíràn. Ẹ̀dà kẹta dá orúkọ náà padà ní 2000. Bí o bá rò pé kí o wá ẹ̀dà 1989 nítorí màmá rẹ, má ṣe wàhálà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé ló ń bẹ̀rù. Òun kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni.

Tèmi, ẹnu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ dúró sí. Mo gbọ́ tí ọmọ mi ń ra okùn lọ́wọ́ ọlọ́jà inú eré, okùn ẹsẹ̀ bàtà 50, owó wúrà kan. Ó fẹ́ san án bẹ́ẹ̀! Mo wọlé. Mo ní ta ni yóò ra okùn láìnájà? Mo jókòó, mo bá ọlọ́jà náà ná an, ọmọ tó ń darí eré sì dáhùn bí ọlọ́jà tòótọ́, ó ní ìyá, ẹ ò bá mi ṣí ìsọ̀ lónìí. A jọ parí rẹ̀ sí fàdákà mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń ta nǹkan fún wọn lọ́jà ìlú wọn tí mo bá wà nílé.

Pe màmá rẹ. Fún wọn ní àga tó dáa. Wizard yẹn, ẹ má pè é ní oṣó mọ́, pidánpidán ni kí ẹ pè é, èyí ò sì jẹ́ irọ́. Tí wọ́n bá ṣì ní rárá lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i, ẹ lọ ṣe é níbòmíràn, ilé wọn ni.

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Ìtẹ̀wé niṣẹ́ mi. Lórí ọ̀rọ̀ bébà, ẹ má tẹ gbogbo SRD 5.1, nǹkan bí ojú ewé 400 ni, ìdajì rẹ̀ ni ẹ ò ní fọwọ́ kàn. Ẹ tẹ Basic Rules fún ìlò ara yín, apá ti àwọn ẹranko, kó wà lọ́tọ̀ fún DM nìkan. Ojú ewé méjì sórí A4 kan, tẹ ojú àti ẹ̀yìn, dè é ní spiral kó lè ṣí pẹlẹbẹ lórí tábìlì. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ máa ń pa ara rẹ̀ dé nígbà tí o bá ń wá nǹkan.

Ẹnìkan gbé ìwé ńlá tí wọ́n ń tà wá bá mi rí, ó ti yàwòrán gbogbo ojú ewé rẹ̀, ó ní kí n tẹ ogún fún òun. Mo dá a padà. Èyí tó ní àṣẹ wà, ọ̀fẹ́ ló sì jẹ́, kí ló dé tí màá tẹ èyí tí kò ní?

Baba_Dáìsì (Yábàá)

Ìmọ̀ràn kan tó kù lọ́wọ́ mi: ẹ má dìbò. Sọ́ńdè méjì. Ẹ fi àkọ́kọ́ ṣe Basic Fantasy, ẹ fi èkejì ṣe 2014, ihò àpáta kan náà, ọ̀tá kan náà. Kí gbogbo yín fọwọ́ bà á kí ẹ tó jiyàn.

Ọmọ_Òjúẹlẹ́gba

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti ṣe Sọ́ńdè méjèèjì.

Ti àkọ́kọ́, àwọn ará Ajah dé ní mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo wọn ti ní ẹ̀dá ìtàn, ẹnu yà mí. Bọ̀bọ́ ìsàlẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ràn rẹ̀ o, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ ilé. Ìyàwó nínú tọkọtaya yẹn ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Pidánpidán ló mú, ọfọ̀ kan ṣoṣo ló ní lójúmọ́, ó lò ó ní ibi tí a ti kọ́kọ́ jà, lẹ́yìn náà ó gbé fìtílà fún wa títí a fi parí.

Sọ́ńdè kejì, 2014. Kíkọ ẹ̀dá ìtàn gba wákàtí kan, ìyẹn dùn mí torí mo rí i lójú fèrèsé pé ilẹ̀ ń ṣú. Ṣùgbọ́n arábìnrin yẹn ní ọfọ̀ iná kékeré kan tó lè jù nígbàkígbà tó bá kàn án. Ẹ ò rí ojú rẹ̀. Ó ju iná lu ilẹ̀kùn, ó ju iná lu okùn afárá, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun lè fi gbẹ aṣọ gbogbo wa lẹ́yìn tí a ré odò kọjá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ kò sọ 2024 lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

2014 la mú, iṣẹ́ mẹ́rin ti Basic Rules nìkan títí a ó fi dé ipele kẹta. Agolo mílíìkì la fi ń ṣe é. Ìlú la ti ń bẹ̀rẹ̀, ìlú la ń parí sí. Ìwé 3.5 bọ̀dá mi wà lórí tábìlì náà, àwòrán àwọn ẹranko inú rẹ̀ ni mo máa ń ṣí sí wọn lójú tí nǹkan bá yọ.

Màmá mi jókòó fún wákàtí kan lọ́jọ́ kejì. Wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí àlùfáà wa fẹ́ fi òkú goblin, ọ̀tá kékeré kan, sílẹ̀ sójú ọ̀nà, wọ́n ní ṣé ẹ ò ní sin ín ni? A sin ín. Wọ́n sì lọ gbé ẹ̀pà wá.

@Atẹ̀wé_Ṣómólú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀dà márùn-ún ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi, ọ̀kan ti DM pẹ̀lú àwọn ẹranko. Ṣé ó lè yá kí Sọ́ńdè tó pé?

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ yìí. Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó ti wà nílẹ̀. Màá fi bébà funfun mẹ́wàá sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó bá kú.